Ìlà Tí Mo Kọ́ Àbúrò Mi

Wọ́n ti yọ eyín iwájú àbúrò mi kí n tó rí i gbà lọ́wọ́ wọn. Mo fi ìgbájú la àárín àwọn òṣìṣẹ́ kọjá, mo wọ́ ọ lọ́rùn ẹ̀wù wọnú ọ́fíìsì, mo ti bóòtì ìlẹ̀kùn, mo sì fẹ̀yìn tì í. Páìpù irin ni wọ́n fi ń lu ìlẹ̀kùn náà láti ìta.

“Màdáàmù, ẹ kúrò lọ́nà,” ni alurinmọ́rin ń wí. “Àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni.”

Ọkọ mi ni wọ́n ń gbẹ̀san rẹ̀. Òun ló máa ń dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ páànù di ìlẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ti dákẹ́, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ láti gbá ìdọ̀tí kúrò, ló bá já lù ú. Nígbà tí wọ́n fa ọwọ́ náà yọ, kò sí èyí tó jọ ìka níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ǹ bá ti tẹ̀lé wọn, àmọ́ bí mo bá jáde, wọn á pa ọmọ ìyá mi.

Ọkọ mi ti gbá a létí láàárọ̀ nítorí pé ó pẹ́ dé. Àbúrò mi sì búra lójú gbogbo wọn pé ọwọ́ yẹn ò ní gbá ẹlòmíràn mọ́.

Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ náà, èmi ni mo sì kọ́ àbúrò mi ní Python, èdè tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀. Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n ń pe àbúrò mi yìí, torí kò sóhun tí o máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀. Ó kọ fáìlì kan tó sọ ní itepaanu: ohun tó ń wọn páànù wà lókè, ìlà tó ń dán ẹ̀rọ wò, tó ń mú un já wálẹ̀, wà nísàlẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Fáìlì mìíràn lè pe irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá lò, módù ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Àmọ́ bí wọ́n bá ti pè é, Python á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì ṣe gbogbo ohun tó bá níbẹ̀. Python fúnra rẹ̀ ló ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní __name__. Bí o bá dìídì ní kí fáìlì náà ṣiṣẹ́, "__main__" ni yóò jẹ́. Bí fáìlì mìíràn bá pè é, orúkọ rẹ̀ gan-an, "itepaanu", ni yóò jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ if __name__ == "__main__": sórí ìlà ìdánwò. Òun ló ń sọ pé kí ìdánwò má ṣiṣẹ́ àfi bí a bá dìídì ní kí fáìlì náà ṣiṣẹ́; òun ló ń de ẹ̀rọ mọ́lẹ̀.

“Àǹtí, mo kàn pè é ni,” ó ń sunkún, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí kíbọ́ọ̀dù. “Import itepaanu, ohun tí mo kọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́.”

Mo gbà á gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí tí kò ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣí fáìlì náà kí n lè fi han alurinmọ́rin.

Ìlà tó ń de ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀. Lánàá, kí a tó ṣíwọ́, orí àga ìdí kọ̀ǹpútà yìí ni mo ti kà á. Ó wà níbẹ̀, ìlà ìdánwò sì wọnú lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo tilẹ̀ yìn ín. Ní báyìí, ẹnìkan ti pa á rẹ́, ó sì ti fa ìlà ìdánwò jáde sí etí ojú ìwé. Mo wo ìta láti inú gíláàsì fèrèsé iwájú mi. Láti orí àga yìí, kedere ni èèyàn ń rí ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ ẹ̀rọ.

“Ta ló yọ ọ́?”

Ó dorí kodò. “Ó gbá mi létí lójú gbogbo wọn, Àǹtí.”

Mo gbé kíbọ́ọ̀dù, mo fi gbá a lẹ́nu tó ti bẹ́ yẹn títí bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù náà fi fọ́n ká ilẹ̀. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

“Ẹ sọ fún wọn pé mi ò mọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wá.”

Ọmọ ìyá kan náà ni wá lóòótọ́. Nígbà tí ìyá wa kú, ọwọ́ ọkọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ run yìí ló gbé àpótí aṣọ àbúrò mi wọ ilé wa.

Mo fa bóòtì ìlẹ̀kùn, mo sì yà kúrò lọ́nà.