Kùn Ún ní Dúdú

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò fẹ́ràn àbúrò ọkọ mi, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Ì bá má burú tó bẹ́ẹ̀ ká ní ilé nìkan la ti ń ríra. Ṣùgbọ́n ilé kan náà là ń gbé, ibi iṣẹ́ kan náà la sì ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù kátúùnù. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń yàwòrán. Ọkọ mi wà ní yàrá kejì, òun ló ń gba ohùn àwọn òṣèré sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn ni mo ti ń pe ọmọbìnrin yìí ní "Àǹtí mi", bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ. Òun ń pè mí ní "ìyàwó wa" lójú gbogbo òṣìṣẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀.

Nílé, kò sí ìgbà tí mo bá dúró nídìí sítóòfù tí kò ní wá dúró lé mi lórí. Ọwọ́ kan á wà ní ìbàdí, á na ìkejì sí ẹnu ọ̀nà, àgbọ̀n á yọ síwájú. Á ní kí n yàgò, pé mi ò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n òun máa ń jẹ. Tí mo bá fẹjọ́ ẹ̀ sun ọkọ mi, á ní òun ò rí nǹkan kan, ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, kí n ṣe sùúrù. Mo ti gbọ́ "ṣe sùúrù" títí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ nígbà náà ni kí ọkùnrin yẹn gbà pé irọ́ kọ́ ni mò ń pa.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, "Kùn-ún-dúdú" là ń pè é lẹ́yìn. Tó o bá yàwòrán tán, kò ní wo ojú ẹni tó o yà, kò ní wo aṣọ ẹ̀. Á tẹ kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò, á wá ku òjìji lásán. Á pe ẹnì kan láti yàrá mìíràn, ẹni tí kò rí àwòrán náà rí, á ní kó sọ ohun tí òjìji yẹn ń ṣe. Onítọ̀hún ò gbọdọ̀ ronú. Tó bá ti ń họ orí pẹ́nrẹ́n, àwòrán ti kú nìyẹn, wàá tún un yà. Ọ̀gá yìí ló kọ́ mi pé ọwọ́ tó bá wà níwájú àyà, òjìji á gbé e mì. Kí n gbé e síta, kí àyè wà láàárín ìgúnpá àti ìbàdí, kéèyàn lè rí ìbínú kó tó mọ ẹni tó ń bínú.

Àǹtí mi ò gba ìyẹn gbọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ló máa ń wí. Ó mọ ojú yà lóòótọ́. Tó bá ya omijé, ọwọ́ rẹ á fẹ́ nù ún. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kùn ún ní dúdú, òpó iná ló kù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ní kí àwa méjèèjì ya ibi tí obìnrin kan ti ń lé obìnrin kejì, pé èyí tó bá dáa jù lòun máa lò. Mi ò wá ẹni tí màá yà lọ sọ́nà jíjìn. Mo sọ obìnrin tó ń léni di arúgbó, mo fún un ní imú ńlá àti kóòtù gígùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi mú, bí ẹni tí kò mọ̀ pé dúdú ni wọ́n máa kùn ún.

Ti Àǹtí mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sára ògiri. Ọ̀gá pe awakọ̀ ilé iṣẹ́ wa wọlé. Awakọ̀ ní àwọn méjì ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Àǹtí mi yíjú sí mi.

"Ìyàwó wa, ẹ̀rín yẹn, a máa parí ẹ̀ nílé."

Gbogbo yàrá gbọ́. Wọ́n gbé tèmi sókè. Ọ̀gá yọjú síta, ọkọ mi ló rí, ló bá pè é. Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, ó gbójú sókè, kò sì ronú, gẹ́gẹ́ bí òfin.

"Àbúrò mi ni. Ó ń lé ìyàwó mi nídìí sítóòfù."

Ọ̀gá nìkan ni inú ẹ̀ dùn. Ó ní àwòrán yè, èyí lòun máa lò. Èmi ń wo ògiri. Obìnrin méjì ló wà níbẹ̀, dúdú lórí funfun. Kò sí ìkòkò níbẹ̀, kò sí iná, kò sí kíṣìnnì.

"Mi ò ya sítóòfù," ni mo wí.

Ọkọ mi wo ògiri, ó wò mí, ó wo bàtà ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àṣìsọ ni. Inú ń bí mi débi pé ohùn mi lọ sílẹ̀ nígbà tí mo ní kó dákẹ́. Mo ti rò pé ọkọ afọ́jú ni mo fẹ́, mo sì ń forí jì í nítorí ìyẹn. Àṣé ó ń rí wa. Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń rí ọwọ́ àbúrò ẹ̀ àti ẹ̀yìn mi tó tẹ̀, á wá rọra padà lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n títí oúnjẹ á fi jinná.

Àǹtí mi bú sẹ́kún, ó ń bẹ̀ mí kí n má dójú ti ẹ̀gbọ́n òun láàárín èèyàn. Mo sọ fún un pé kó nu omijé ẹ̀ nù, òun kọ́ ni mò ń bá jà mọ́. Mo gbé báàgì mi. Ọ̀gá bi mí bóyá ara mi ò yá. Mo ní ara mi le, yàrá tí màá háyà ni mo ń lọ wá.