Àpótí Màríà Kò Dé Ilé Kejìlá

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù ni, àpótí Màríà kò sì tíì dé ilé wa. Ọjọ́ kejìlá ló yẹ kó dé. Ọdún mẹ́fà rèé tí wọ́n ti kọ orúkọ mi sínú ìwé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò pẹ́ rí. Ọgbọ̀n ilé ló wà lórí ìwé náà ní ìlú kékeré wa ní gúúsù Brazil, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀. Aládùúgbò á gbé e wá, wàá tan àbẹ́là síwájú rẹ̀, wàá gbàdúrà, bí ilẹ̀ bá mọ́, wàá gbé e lọ sílé tó kàn. Àpótí igi kékeré ni, ó ní ilẹ̀kùn méjì, àwòrán Ìyá àti Ọmọ wà nínú rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ ìdí tí kò fi dé. Èmi ni mo lé Ìyá Màríà.

Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa gan-an ni omi ẹ̀rọ dá, gáàsì tán lórí ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀, ọsibítù wá fi tiwọn lé e. Ọdún kan ààbọ̀ ni ìyá mi ti ń dúró kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí egungun ìbàdí wọn. Ọmọbìnrin tó pè ní àwọn ò rí orúkọ wọn mọ́, ká tún un kọ, ká lọ tò sẹ́yìn pátápátá. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kọjú sí àpótí. "Ìyá, bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń jókòó wò wá ni, ẹ má wulẹ̀ padà wá sílé yìí mọ́!" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó.

Ìyá mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì láti orí bẹ́ẹ̀dì pé àlejò wa dà. Mo ní òjò ló dá wọn dúró. Òjò kankan kò rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí: bí Ìyá Màríà bá ti kọ̀ wá lóòótọ́, ta ló kù tí yóò bá wa bẹ ọsibítù?

Mo lọ sílé kọkànlá. Màmá Iraci ń fa màtè, tíì ewé gbígbóná ilẹ̀ wa, nínú igbá wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Àpótí dà?"

Ojú wọn wálẹ̀. "Kò dé ọ̀dọ̀ mi náà. Noeli, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo jẹ̀bi."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Lóṣù tó kọjá, mo gbé wọn sórí tẹlifíṣàn. Eré ìrọ̀lẹ́ wá dé ibi tí bọ̀bọ́ yẹn fẹ́ fẹnu ko ìyàwó àbúrò ẹ̀ lẹ́nu. Ojú tì mí. Mo bá yí ojú Ìyá sí ògiri, mo wo eré mi tán. Mo wá gbàgbé! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sùn mọ́jú. Àlejò ńlá bẹ́ẹ̀!"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ló lé Ìyá ni, àbí tèmi?

Ilẹ̀kùn ilé kẹwàá tì. Ní ilé kẹsàn-án, Cleusa, ìyàwó tuntun, ń bó èso igi páìnì sísè. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tó fi bú sẹ́kún.

"Àǹtí Noeli, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí o! Mo kàn ní kí Ìyá bá mi ṣe é, kí ìyá ọkọ mi má lè wá ṣọdún Àjíǹde lọ́dọ̀ wa. Wọ́n bá já bọ́ lórí àkàbà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló kán, Àǹtí! Ẹyọ kan ì bá ti tó mi!"

Ní ilé kẹjọ, Bàbá Valmor ò jẹ́ kí n débi ọ̀rọ̀. "Àárín èmi àti Ọlọ́run nìyẹn," wọ́n ní, wọ́n sì pa fèrèsé dé.

Mo dúró láàárín títì bí ẹni tó sọnù. Ta gan-an ni Ìyá ń bínú sí nínú wa? Bó bá jẹ́ èmi ni, kí ni Cleusa ṣe? Bó bá jẹ́ gbogbo wa ni, ilé wo ni wọ́n wá rí sùn?

Ilé keje ni. Ilé Bàbá Arno, tí ìyàwó wọn, Lorena, kú ní oṣù méjì sẹ́yìn. Orúkọ Lorena ló wà lórí ìwé. Bàbá Arno fúnra wọn kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì àfi tí wọ́n bá ń sìnkú. Àpótí wà lórí tábìlì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, igbá màtè kan sì wà níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ kẹrìnlá la wà."

"Mo mọ̀."

"Àwọn èèyàn ń retí."

"Mo mọ̀yẹn náà. Tí mo bá gbé wọn lọ, ta ni mo fẹ́ máa bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀?"

Inú bí mi. Mo fẹ́ já àpótí náà gbà. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Bàbá, mo lé wọn lóṣù tó kọjá. Mo ní kí wọ́n má padà wá mọ́."

Wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Torí ìyẹn lojú ẹ ṣe rí báyìí? Àràárọ̀ ni mò ń lé wọn. Mo ní ẹ wà níbí lọ́jọ́ tí Lorena ń kú lọ, ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ jáde! Tí mo bá jí, wọ́n ṣì wà níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ò gbé wọn jáde."

Wọ́n ronú sí i. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú wọn ò yí padà."

Bàbá Arno pa ilẹ̀kùn àpótí dé, wọ́n gbé e mọ́ àyà. "Sìn mí dé ilé kẹjọ. Lóṣù tó kọjá, aládùúgbò ló wá gbé wọn lọ; mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà."

"Wọn kì í sọ nǹkan kan. Ẹ kàn kanlẹ̀kùn ni."

A jọ rìn lọ. Fóònù mi kò dún, ọsibítù kò pè, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n máa pè. Bàbá Valmor ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ Bàbá Arno, wọ́n yára ṣí fìlà.

"Noeli, ṣé ó dá ẹ lójú pé ilé tèmi ni wọ́n fẹ́ wá?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá," mo ní. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ọkàn mi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.