Ọ̀rá Lẹ́nu Táǹkì

Nítorí kí omi òjò má baà bọ́ sínú dísẹ́ẹ̀lì, Àrìnkẹ́ fi ọ̀rá so ọmọrí táǹkì katakata rẹ̀ pinpin, ó sì tìtorí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ lé awakọ̀ rẹ̀ lọ.

Katakata àtijọ́ náà ti ro oko ní Ṣakí kí Àrìnkẹ́ tó rà á wá sí Ìsọlọ̀, kó máa fa ẹrù aṣọ lọ sí ọjà Aswani. Súnkànmí ló ń wà á. Láti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ náà á sáré dáadáa fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, á sì kú. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ díẹ̀, á tún jí.

"Ẹsẹ̀ ẹ ni ò dáa," Àrìnkẹ́ sọ fún un níṣojú àwọn alágbàrù. "Bó bá tún kú lónìí, awakọ̀ mìíràn, Tiwaladé, ni màá gbé e fún."

"Ìyá Lateefah, ọwọ́ la fi ń mú un sáré, kì í ṣe ẹsẹ̀," Súnkànmí dá a lóhùn.

Àwọn alágbàrù bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Àrìnkẹ́ sí i.

Àrìnkẹ́ àti àwọn alágbàrù bá ẹrù lọ, ṣùgbọ́n katakata kò tíì dé Aswani tó fi kú. Súnkànmí sọ̀ kalẹ̀. Ó yẹ irin tó ń fa ìsáré ẹ̀rọ wò: kò já. Asẹ́ epo: tuntun ni. Ó tú páìpù epo, epo ń kán tó, tó, bí ẹni ń ṣahun, bẹ́ẹ̀ táǹkì kún. Ó bá já ọ̀rá, ó tú ọmọrí.

Fììì! Afẹ́fẹ́ wọlé, epo sì tú jáde yàà.

"Ẹ wo ihò kékeré yìí lórí ọmọrí. Ibẹ̀ ni táǹkì fi ń mí. Bí epo bá ń jáde tí afẹ́fẹ́ ò wọlé, epo ò ní lè ṣàn mọ́. Ta ló so ọ̀rá yìí?"

Ọ̀rá búrẹ́dì ilé Àrìnkẹ́ ni.

"Ẹsẹ̀ Súnkànmí ló so ó," alágbàrù kan dáhùn láti orí ẹrù.

Súnkànmí dé páìpù padà, ó ta ẹ̀rọ jí. Ohùn rẹ̀ gòkè, kò sì wálẹ̀ títí wọ́n fi dé ọjà. Níbẹ̀ ló ti na kọ́kọ́rọ́ sí Àrìnkẹ́.

"Ẹ gbé e fún Tiwaladé. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ dáa."

Àrìnkẹ́ kò gbà á. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo alágbàrù ń wò ó, wọ́n ń retí. Kí Súnkànmí tó gbà láti padà sórí àga, Àrìnkẹ́ ní láti sọ gbólóhùn kan, "Má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi," èyí tí ọkọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra.