Ogójì Ìdí Tòmátò

Ìgbà kẹta nìyí tí Adéyanjú ka àwọn tòmátò kéékèèké inú àpótí náà, ogójì náà ló bá. Kò sí ẹyọ kan tó kú. Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò lè wò ó lójú.

Ó di ọdún mẹ́ta tí ìjọba ti gbé Adéyanjú wá sí Port Harcourt pé kó wá tòmátò tí omi iyọ̀ kò ní pa, torí omi tó ń ya wọ oko lẹ́bàá Okrika kì í jẹ́ kí ẹ̀fọ́ ṣe rere. Ó ti fi ìyẹ̀fun òdòdó tòmátò ńlá kan òdòdó tòmátò wẹẹrẹ tó ń hù létí omi. Bí ẹni ń pìtàn ìdílé ló ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀: wẹẹrẹ yẹn ló ní ìfaradà iyọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ kì í gbé e yọ, àmọ́ bó bá kan àwọn ọmọ-ọmọ, nínú mẹ́rin, ọ̀kan á jọ ìyá àgbà. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá yọrí ni wọ́n máa dá wọn padà sílé.

Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, ṣùgbọ́n ti Bọ́sẹ̀dé ju ìsinmi lọ. Ọdún kan péré ni wọ́n ní àwọn máa lò, ló fi fi Yétúndé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìlá. Ọmọ ọdún méjì ìjọ́sí ti pé márùn-ún. Lẹ́tà tó dé kẹ́yìn ní ó ti ń pe ìyá àgbà ní ìyá òun, ó sì ń béèrè bóyá obìnrin inú fọ́tò máa ń sọ̀rọ̀. Bí Bọ́sẹ̀dé bá ní kí àwọn lọ mú un wá, Adéyanjú á ní kí ni ká máa gbọ́mọ káàkiri sí nígbà tí à ń múra ilé.

Nígbà tí Adéyanjú lọ sí Enugu fún ọjọ́ mẹ́wàá, ó ní kí Bọ́sẹ̀dé máa bu omi iyọ̀ tí Dagogo, lébìrà wọn, ń gbé wá láti Okrika sí ogójì tòmátò ọmọ-ọmọ náà, kí òun lè mọ èyí tí iyọ̀ kò ní pa. Ní ọjọ́ kejì, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Bí wọ́n bá kú, ìgbà wo ni wọ́n máa tó dá wọn padà sílé? Ó da omi iyọ̀ nù, ó ń bu omi ẹ̀rọ sí wọn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń fà sọ́mọ, kí ni kò ní ṣe?

Dagogo rí i. "Madam, no be so oga talk o," ló sọ jẹ́ẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní báyìí tó ti dé tó sì ti kà wọ́n, Adéyanjú ní mẹ́wàá lòun ń retí pé yóò yè, ogójì kọjá òye òun, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀. Ó fa ìwé yọ láti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀.

Bí Bọ́sẹ̀dé bá dákẹ́, ó di Ìlá nìyẹn. Ó sì rò ó. Àmọ́ ó tún rò ti àwọn obìnrin Okrika tí wọ́n máa fi gbogbo ebè wọn gbin irúgbìn náà, tí iyọ̀ á sì pa á.

"Bàbá Yétúndé, ẹ má kọ ọ́. Omi ẹ̀rọ ni mo bu sí wọn."

Adéyanjú gbé péènì sílẹ̀. Kò jágbe mọ́ ọn, ìyẹn ló sì dùn ún jù. "Wọ́n ti kọjá ìgbà tí à ń dán irú wọn wò. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọdún kan lo fi kún un yẹn, Bọ́sẹ̀."

"Mo mọ̀." Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó gba iye ọdún tó bá fẹ́ gbà. Èmi ò dúró dè é mọ́. Màá wọ rélùwéè lọ́jọ́ Ajé, màá lọ mú ọmọ mi wá. Bó bá ní òun ò mọ̀ mí, màá jókòó tì í títí á fi mọ̀ mí."

Adéyanjú fa ìwé mìíràn yọ. Lẹ́yìn náà ó mú péènì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Màmá ní Ìlá pé ìyá ọmọ ń bọ̀.