Akunlé Tí Wọ́n Ní Kó Máa Pàtẹ́wọ́

Ẹ̀fọn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Akunlé wà lórí àkàsọ̀ nínú gbọ̀ngàn tuntun kan, ó ń kun igun òkè ògiri, ni ẹ̀fọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn sí i létí. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì há ẹnu, ó sì fọwọ́ méjèèjì gbá a: pàá! Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn: pàá, pàá, pàá.

"Ta nìyẹn?" Ẹnjiníà tí wọ́n pè wá wo bí ohùn yóò ṣe máa dún nínú ilé náà ló pariwo nísàlẹ̀.

Akunlé yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Kì í ṣèmi o, sà! Ẹ̀fọn ni!"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń to ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ̀ jọ. Àṣé orí ló kó Ẹnjiníà yọ. Láti àárọ̀ ló ti ń pàtẹ́wọ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń ta padà lára ògiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ẹ̀rọ náà ò tiẹ̀ kà á sí.

"Irú ọwọ́ yín yìí gan-an ni mò ń wá. Ẹ wá máa bá mi pàtẹ́wọ́."

Akunlé wo àtẹ́wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un. "Ó le ni, sà. Bí ẹran líle bá lu ẹran líle, ó gbọ́dọ̀ dún."

"Afẹ́fẹ́ ló ń dún, kì í ṣe ẹran."

"Afẹ́fẹ́ wo?"

"Èyí tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá pa wọ́n dé lójijì, kò ráyè sá, ló bá fún pọ̀, ló bá tú jáde tagbáratagbára. Ó ti èyí tó wà níta, ìyẹn náà ti èyí tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ti ara wọn títí dé inú etí wa."

"Bí èrò tó ń jìjàdù lẹ́nu ọ̀nà?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

Akunlé ò tíì gbà. Ó rọra pa ọwọ́ pọ̀: kò dún. Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó gbá a: ṣáá! Ó kó àtẹ́wọ́ jọ bí ẹni tó fẹ́ bomi mu, ó gbá a: bòò! Ohùn àgbàlagbà ló jáde.

"Háà! Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló pọ̀ sí i!"

Ayọ̀ gbé e. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń pàtẹ́wọ́ kiri igun gbogbo, ó tiẹ̀ dé inú ilé ìtọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an dé.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀, tó ń fọṣọ fún ará àdúgbò, bi í léèrè: "Baba wọn, ẹ ti parí ògiri yẹn?"

"N ò kun ún. Àtẹ́wọ́ ni mo pa."

"Fún ta?"

"Fún ògiri."

Obìnrin náà fọwọ́ kan iwájú orí ọkọ rẹ̀ bóyá ó gbóná.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ akunlé wú, kò ṣeé dì. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọwọ́ tó ń fọ ṣòkòtò yín tí ọ̀dà ti mú kó gan, kí ni àtẹ́wọ́ lásán máa fi í ṣe?"

Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni obìnrin náà pàtẹ́wọ́ tí Ẹnjiníà fi dọwọ́ bo etí. "Màmá, ẹ rọra!"

Akunlé gun àkàsọ̀, ó fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì há búrọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè.

"Baba wọn, ẹ fo ibì kan!"

Gbọ̀ngàn gbà á lẹ́nu rẹ̀: fo ibì kan, ibì kan, kan.

Ẹnjiníà mú ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé yìí nílò aṣọ ògiri tí yóò máa gbé ohùn mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni akunlé wí láti òkè, "ẹ kọ èyí tó nípọn."