Ọgọ́rin Ni Títíṣà Fẹ́

Ọdún tí Títíṣà ra ọkọ̀ rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ọmọ náà ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ti gboyè nínú iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ni bàbá rẹ̀ ń pè ní "ọmọ yìí". Bí ọmọbìnrin náà bá ń húkọ́, Títíṣà á ní kó mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọkọ̀ bá húkọ́, kò ní sùn.

Ọmọ ríṣẹ́ sí ìlú kan tí ìrìn rẹ̀ tó wákàtí márùn-ún, ó ní òun á wọ bọ́ọ̀sì lọ. Títíṣà ní irọ́ ni, ọkọ̀ òun ni òun máa fi gbé e lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbéra ni fáànù ọkọ̀, èyí tí bẹ́líìtì ń yí lára ẹ́ńjìnnì, bá kán, apá rẹ̀ kan sì gún radiétọ̀ nínú. Mẹkáníìkì lẹ radiétọ̀, ó ní irú fáànù bẹ́ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, kó lọ bá rewáyà kó bá a fi oníná sí i.

Rewáyà yìí, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ti jókòó ní kíláàsì Títíṣà rí. Ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tí wọ́n tú ló fi ṣe àga àlejò, wáyà pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé so rọ̀ lára ògiri bí irun tí a ò dì. Títíṣà kò wá lọ́wọ́ òfìfo. Ó gbé fáànù tó fúnra rẹ̀ rà dání, èyí tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó tó tirẹ̀ méjì. Ó tún mú ìwé kékeré kan tó ti ń kọ ìṣirò sí fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Rewáyà bi í pé nígbà tí omi bá gbóná dé ibo ni kí fáànù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títíṣà ṣí ìwé rẹ̀, ó ní dígírì ọgọ́rin.

Rewáyà fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnnì bí ilẹ̀kùn kékeré, kì í ṣí fún omi láti lọ sínú radiétọ̀ àfi tó bá gbóná dé dígírì méjìdínláàdọ́rùn-ún. Bí fáànù bá bẹ̀rẹ̀ ní ọgọ́rin, kò ní sinmi láéláé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń bọ́ bátìrì ọkọ̀ náà ti dàgbà, kò ní lè bọ́ fáànù ńlá yìí, bátìrì á sì tán. Ó ní kó jẹ́ márùndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Omi ń hó ní ọgọ́rùn-ún," Títíṣà ní. "Ṣé o fẹ́ se ẹ́ńjìnnì mi jẹ ni?"

Rewáyà ní omi inú radiétọ̀ kì í hó ní ọgọ́rùn-ún, nítorí ìdérí rẹ̀ le, kì í jẹ́ kí oru rẹ̀ jáde. Títíṣà bọ́ awò ojú. Ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lòun fi kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, òun sì rántí máàkì tí Rewáyà gbà ní kíláàsì kẹta. Rewáyà náà rántí. Ó ní, "Ó dáa, sà," ó so fáànù mọ́ ọkọ̀, ó sì fi sukurudiráfà yí bọ́tìnì rẹ̀ sí ọgọ́rin.

Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, fáànù ń ké láti ẹnu ọ̀nà ilé. Títíṣà ní kí ọmọ rẹ̀ wo géèjì tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe balẹ̀ tó. Ọmọ wò ó, ó ní ó dára, Bàámi. Wọn ò tíì rìn tó wákàtí kan tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Títíṣà tan iná, ó tan ohun tó ń nu gíláàsì. Wọ́n kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níbi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Iná iwájú ń rẹ̀, ohun tó ń nu gíláàsì ń rìn bí arúgbó, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Awakọ̀ ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó béèrè bóyá ó gbóná ni. Títíṣà ní kò gbóná rárá, kó fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án, ó gbà pé lóòótọ́ kò gbóná. Ó wá béèrè pé kí ló wá ṣe é. Títíṣà pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Wọ́n bá a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú ẹrẹ̀.

Ọmọ ò dúró gbàṣẹ, ó pe Rewáyà. Rewáyà gun alùpùpù dé, ó so bátìrì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sọ pé ṣebí mo wí. Ó pààrọ̀ bátìrì tán, ó mú sukurudiráfà dání, ó dúró.

"Mélòó ni ká fi sí, sà?"

Títíṣà ní, "Èyí tí o sọ lọ́jọ́sí." Lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ ìdérí.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà. Ẹ gbé ìkòkò onídèérí líle wá láti ilé. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò pé omi lè kọjá ọgọ́rùn-ún kó má hó. Ẹ fún mi ní òdo."

"Òdo?"

"Ẹ ní ìbéèrè yẹn ò dárúkọ ìkòkò."

Wákàtí mẹ́rin tó kù, fáànù ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó ń sinmi díẹ̀. Ara ọkọ̀ balẹ̀. Títíṣà nìkan ló ń làágùn. Nígbàkigbà tí ọwọ́ géèjì bá gòkè, òun náà á nàró, títí ọmọ fi sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dé, ó dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pe ìyàwó rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló tọ́ fún ọkọ̀ tó ti dàgbà, aláìmọ̀kan ló ń fi sí ọgọ́rin. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ọmọ mi ń kọ́?"

Títíṣà yíjú padà. Búùtù ṣí sílẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọmọbìnrin náà ti dá kó gbogbo ẹrù rẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ, ó ku ìrọ̀rí kan péré. Títíṣà gbé ìrọ̀rí náà mọ́ àyà, ó sì ń gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì.