Ẹ̀wà Tí Màmá Mi Wá Rà

Ìyá Kẹ́mi, má tíì pàtẹ o, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá fún ọ kó tó fò lọ. Mo wà nídìí ẹ̀wà mi, àárín odò ni ìsọ̀ wà, omi ò sì kan ẹ̀wà. Ni màmá mi tí a ti sin bá na abọ́ sí mi: "Wọn kóńgò kan fún mi." Inú mi dùn, mo sáré mú kóńgò.

Bàbá ọ̀mọ̀wé kan jókòó sórí àpò ẹ̀wà mi. Ó ní, "Ìyá oníẹ̀wà, òkú kì í jẹun. Nítorí náà, òkú kì í ra ẹ̀wà."

Màmá mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé ebi ń pa mí? Ẹ̀wà ni mo ní mo fẹ́ rà."

Bàbá tún ní kóńgò mi ò nídìí, pé kò lè kún láéláé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni! Mo ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ rí ihò, ẹ bá mi fi ọwọ́ dí i."

Ọ̀mọ̀wé kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ìdí kóńgò, ó ṣì ń ṣàlàyé pé kò lè kún. Mo ń bù, mo ń dà. Màmá mi ò ní gbé abọ́ òfìfo lọ lójú mi! Ẹ̀wà kún, ó ga bí òkè, ó bo bàbá dé irùngbọ̀n, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́.

Mo dà á sí abọ́ màmá mi. Ó wo abọ́, ó wò mí.

"Èènì mi ńkọ́?"

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo nawọ́ sí i, ni mo bá jí.